Ẹ Wá Fi Àtàǹpàkò Yín Tẹ Amọ̀ Náà Kí Ó Tó Gbẹ

Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn bàbá tí ọmọkùnrin wọn ń kọ́ iṣẹ́ ọnà lọ́dọ̀ mi ní Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀yin bàbá àwọn ọmọ mi,

Mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó ọmọ, ẹ kú àforítì. Mo mọ̀ pé lẹ́tà tó bá ti ilé-ìwé wá kì í dùn ún gbà. Owó la sábà máa ń béèrè nínú rẹ̀, tàbí kí a máa fi ẹjọ́ ọmọ sùn. Èyí kì í ṣe ti owó, kò sì sí ọmọ tó ṣẹ̀ mí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fi ìwé pélébé rán àwọn ọmọ sí yín ní sáà yìí, àwọn ìyá ló wá lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ọlọ́run á bá mi san án fún wọn. Àmọ́ ẹ̀yin gan-an ni mò ń wá. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí sí gbangba, níbi tí ẹnì kan á ti rí i kà tí á sì pè yín sí i.

Orí yín ń bẹ nínú kíláàsì mi. Orí amọ̀ ni, àwọn ọmọkùnrin yín ló fi ọwọ́ ara wọn mọ ọ́n. Mo fẹ́ kí ẹ wá wò ó, kí ẹ sì fi àtàǹpàkò yín tẹ ìsàlẹ̀ ọrùn rẹ̀ kí amọ̀ náà tó le. Ohun tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín kò ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, kí ẹ má baà rò pé eré ọmọdé ni mò ń pè yín sí.

Lóṣù tó kọjá, mo kó wọn lọ sí ilé ìṣẹ̀m̀báyé tó wà ní Ẹnuwá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Ọọ̀ni. Ifẹ̀ ni wọ́n bí ọ̀pọ̀ nínú wọn sí, wọ́n á sì ti gba ẹnu géètì yẹn kọjá lórí ọ̀kadà ní àìmọye ìgbà, síbẹ̀ ẹni mẹ́ta péré ló ti wọ inú rẹ̀ rí. Mo fi orí amọ̀ àti orí idẹ hàn wọ́n. Mo sọ fún wọn pé ó ti tó nǹkan bí 600 ọdún sí 800 ọdún tí àwọn baba ńlá wa ti ṣe wọ́n. Mo sọ ti ọdún 1938 fún wọn, nígbà tí àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, tí kò jìnnà sí ibi tí a dúró sí yẹn, kan orí idẹ nínú ilẹ̀. Wọn kì í ṣe ẹni tó ń wá ìṣúra. Ilé ni wọ́n fẹ́ kọ́. Ọ̀kan nínú àwọn orí náà wà ní British Museum ní London títí di òní.

Àwọn ọmọ ń pariwo. Wọ́n ń ka ilà wẹ́wẹ́ tó ti iwájú orí sọ̀ kalẹ̀ dé àgbọ̀n, wọ́n ń béèrè ohun tí ihò kéékèèké tó yí ẹnu àwọn kan ká wà fún. Mo ní àwọn onímọ̀ kan gbà pé irùngbọ̀n ni wọ́n ń so mọ́ ibẹ̀, àwọn mìíràn sì ní ìlẹ̀kẹ̀ ni. Nígbà náà ni ọmọ kan tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì sún mọ́ mi. Ó ní, "Sà, ṣé ojú ẹnì kan pàtó nìyí?"

Mo ní, "Ẹni tó mọ orí yìí ti wo ẹnì kan pẹ́. Wo ibi tí ètè méjèèjì ti pàdé. Wo abẹ́ ojú. O ò lè mọ irú èyí bí o bá kàn rí èèyàn fìrí."

Ó dúró síwájú orí náà títí a fi ń pè é pé ọkọ̀ fẹ́ lọ.

Nígbà tí a padà dé ilé-ìwé, mo ní kí oníkálùkù mọ orí ẹnì kan tó mọ̀ dénú, ẹni tí kò ní láti wo fọ́tò kí ó tó rántí bí ojú rẹ̀ ṣe rí. N kò dárúkọ bàbá, n kò dárúkọ ìyá. Ọmọkùnrin 19 ló wà ní kíláàsì náà. 14 nínú wọn ló mọ orí bàbá wọn.

Ọdún 24 rèé tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ọnà, n kò rò ó bẹ́ẹ̀. Mo rò pé agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n máa mọ, tàbí olórin. Ìyá pàápàá, mo ń retí ìyá. Àmọ́ bàbá! Bàbá tó ń jáde ní ìdájí, tó ń wọlé nígbà tí ọmọ ti sùn. Ìgbà wo ni wọ́n rí yín wò tó bẹ́ẹ̀?

Mo bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn fi èékánná fa ilà mẹ́ta sí iwájú orí bàbá rẹ̀, ó sì ń tún un fà títí ó fi jìn. Mo ní kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́ta. Ó ní, "Bí wọ́n bá ń ṣírò owó lálẹ́, mẹ́ta ló máa ń jáde, sà." Òmíràn mọ etí òsì tóbi ju ti ọ̀tún lọ. Mo nawọ́ kí n bá a tún un ṣe, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní ẹ̀gbẹ́ yẹn ni bàbá òun máa ń dẹ sí òun bí òun bá ń sọ̀rọ̀, torí ariwo ẹ̀rọ ìlọta ti ba etí kejì jẹ́. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ni mí tí n ó tún irú etí yẹn ṣe?

Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ yẹn, bàbá rẹ̀ ti wà lókè òkun láti ìgbà tó wà ní pírámárì kejì. Orí tirẹ̀ di ojú. Mo rò pé ojú ló ṣòro fún un láti mọ, mo sì fẹ́ fi bí wọ́n ṣe ń la ìpéǹpéjú hàn án. Ó ní rárá, "Bí wọ́n ṣe ń sùn lọ́jọ́ tí ilẹ̀ máa mọ́ tí wọ́n á lọ ni mo rántí jù, sà."

Ẹ má rò pé iṣẹ́ wákàtí kan ni. Amọ̀ tí a lò, a gún un, a ṣa òkúta inú rẹ̀ kúrò, a pò ó mọ́ yanrìn kíkúnná kí ó má baà sán. Wọ́n rún ìwé ìròyìn pọ̀ di bọ́ọ̀lù, wọ́n wá ń fi amọ̀ bò ó díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó gan, wọ́n fi okùn tín-ín-rín gé ẹ̀yìn orí bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò, wọ́n yọ ìwé náà jáde, wọ́n há inú rẹ̀ títí kò fi nípọn ju ìka kan lọ. Amọ̀ tó bá nípọn jù, omi inú rẹ̀ á di oru nínú iná, á sì fọ́ orí náà yángá. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n dá ẹ̀yìn orí padà, wọ́n fi amọ̀ ṣíṣàn lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni. Ní gbogbo ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí, oníkálùkù á fi àkísà tútù wé orí bàbá rẹ̀, á da ọ̀rá bò ó kí ó má baà gbẹ mọ́jú. Mo rí ọmọ kan tó kọ́kọ́ fi àkísà yẹn rọra nu ojú orí náà, bí ẹni ń nu òógùn fún èèyàn, kó tó wé e. Kò mọ̀ pé mò ń wo òun.

Ìtàn kan wà tí àwọn babaláwo máa ń sọ, ọ̀pọ̀ yín á ti gbọ́ ọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń bọ̀ wá sáyé: Orísèékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Ilé Àjàlá, alámọ̀ tó ń mọ orí, ni wọ́n ń lọ láti yan orí. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn pé wọn ò gbọdọ̀ yà sílé bàbá wọn lójú ọ̀nà. Àwọn méjì ò yà. Wọ́n débẹ̀, wọ́n mú èyí tó wù wọ́n, òjò pa á lọ́nà, ó sì wó. Afùwàpẹ́ ní òun ò lè kọjá lẹ́nu ọ̀nà bàbá òun kí òun má yà. Bàbá rẹ̀ dífá fún un, iyọ̀ àti owó sì wà lára ohun tó mú kúrò níbẹ̀. Iyọ̀ yẹn ló fi rí ojú rere ẹni tó mọ̀nà ilé Àjàlá, owó yẹn ló fi san gbèsè tó wà lọ́rùn Àjàlá, Àjàlá fúnra rẹ̀ ló wá bá a yan orí tó dára.

Onígbàgbọ́ ni mí, n kò sọ ìtàn yìí láti pe ẹnikẹ́ni wá sínú ẹ̀sìn kankan. Ohun tó máa ń wọ̀ mí lára nínú rẹ̀ ni iyọ̀ yẹn. A ò gbọ́ pé Ọ̀rúnmìlà jókòó ti ọmọ rẹ̀ tó ń sọ bí òun ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó. Ọmọ yà, bàbá gbà á, ó sì mú iyọ̀ kúrò níbẹ̀. Àwọn ọmọ yín ti yà o. Wọ́n ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, torí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi.

Akọ̀wé ara mọ́tò ni bàbá mi, àwọn èèyàn ń pè wọ́n ní Àtíìsì. Ìlárè ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Àwọn ló ń kọ "Ilé làbọ̀ simi oko" sí iwájú mọ́tò onípákó, àwọn ló ń ya kìnnìún àti ọkọ̀ òfurufú sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọwọ́ wọn dùn, ẹnu wọn wúwo. Láti kékeré, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí pé àwọn fẹ́ràn mi. "Ṣé o ti jẹun?" "Bàtà rẹ dà?" Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa máa ń mọ. Ní gbogbo Sátidé, èmi ni mò ń di àkàbà mú fún wọn bí wọ́n bá gun òkè láti kọ orí mọ́tò. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á fi kẹrosíìnì fọ búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ní, "Ká lọ." N kò rò pé wọ́n tiẹ̀ rí mi níbi tí mo dúró sí.

Ní 1984, mo yege láti lọ sí ilé-ìwé kan tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀ ní Iléṣà. Owó àpótí onírin ò sí. Bàbá mi ní kí kápẹ́ńtà kan pákó fún mi, wọ́n wá gbé àpótí náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó pẹ́ níbẹ̀ tó ọjọ́ mẹ́ta. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ, wọ́n gbé e jáde. Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ mi sí orí rẹ̀ gàdàgbà gadagba, wọ́n fi pupa ṣe òjìji sí abẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún oníbàárà. Inú mi ò dùn, kí n má purọ́. Àpótí onírin ni mo ń fẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sọ ni pé, "Ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ tán, má fara tì í."

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, ní ilé tí a ń sùn, ebi ń pa mí, mo ṣí àpótí láti bu gàrí. Iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ ta sí inú ìdérí rẹ̀. Àwòrán kan wà níbẹ̀ tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mọ́tò onípákó ni, àkàbà fara tì í, ọkùnrin kan wà lókè àkàbà tó mú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Nísàlẹ̀, ọmọdékùnrin kan fi ọwọ́ méjèèjì di àkàbà náà mú, ó gbé ojú sókè. Aṣọ ọmọ náà ní àbùlẹ̀ níbi ìgúnpá òsì, àbùlẹ̀ aláwọ̀ ewé. Àbùlẹ̀ yẹn wà lára ṣẹ́ẹ̀tì mi. Ìyá mi ló rán an. Lábẹ́ àwòrán náà, wọ́n fi lẹ́tà wẹ́ẹ́rẹ́ kọ ọ́ pé: "Àjàní ló di àkàbà mú."

Orúkọ ìwé wà níta àpótí, kí gbogbo ayé kà á. Oríkì mi wà nínú.

Mo kọjú sí ògiri, mo sunkún títí oorun fi gbé mi lọ. Wọ́n ti rí àbùlẹ̀ aṣọ mi. Láti òkè àkàbà lọ́hùn-ún, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, bàbá mi ti ń wò mí.

Nígbà tí mo dé fún ọlidé, a ò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. N kò mọ bí mo ṣe lè dúró síwájú wọn kí n máa dúpẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo fi pẹ́ńsù ya àwọn náà níbi tí wọ́n ti ń po ọ̀dà, mo fi í sórí bẹ́ńṣì ní ṣọ́ọ̀bù, mo sá lọ. Ọjọ́ kejì, mo bá a lára ògiri, wọ́n ti kàn án mọ́ àárín àwọn pátákó tí wọ́n fi ń han oníbàárà. Bí a ṣe ń bá ara wa sọ̀rọ̀ nìyẹn fún nǹkan bí ọdún 30. Bí mo bá ní wàhálà, wọ́n á ya nǹkan kan sẹ́yìn àpò ìwé. Lọ́jọ́ tí mo ṣègbéyàwó, wọ́n fi ọwọ́ ya àwọ̀ ewé àti òdòdó yí káàdì ìpè ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan, 60 káàdì.

Nígbà tí mo dé yunifásítì tó wà níbí, mo ń rí ère Odùduwà tí Lámídì Fákẹ́yẹ gbẹ́ ní 1987. Ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ni wọ́n, ìdílé agbẹ́gilére, lọ́dọ̀ bàbá wọn ni wọ́n ti kọ́kọ́ mú àáké. Bámidélé, ọ̀gá tí wọ́n tún lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ọmọ Aréògún ará Òsì-Ìlọrin ni, ìdílé agbẹ́gilére ni òun náà ti wá. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ọwọ́ bàbá àti ọwọ́ ọmọ wà lórí igi kan náà láti àárọ̀ dalẹ́, ohun tí ẹnu ò sọ, igi á gbé e. Àwa yòókù, tí ọ̀kan ń wa mọ́tò, tí èkejì ń ta ìwé, tí òmíràn wà ní ọ́fíìsì ìjọba, a ò ní irú igi bẹ́ẹ̀ láàárín àwa àti ọmọ wa. Bí ọmọ bá wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọ̀kan wá, ó yẹ ká dìde gbà á.

Ní 2011, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi. Ọwọ́ ọ̀tún kú, ọwọ́ tó ń kọ mọ́tò. Lẹ́yìn iṣẹ́, mo máa ń jókòó tì wọ́n, mo sì ń ya ọwọ́ náà níbi tó sùn sí lórí aṣọ ìbora. Mo yà á tó ìgbà ogún. Lọ́jọ́ kan wọ́n ṣẹ́wọ́ òsì sí mi pé kí n gbé e wá. Wọ́n wò ó títí. Ọ̀rọ̀ ti ń lọ́ mọ́ wọn lẹ́nu nígbà náà, mo rò pé wọ́n fẹ́ sunkún ni. Wọ́n gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ọwọ́ òsì tó ń gbọ̀n fa òjìji díẹ̀ sí abẹ́ àtàǹpàkò tí mo yà. Wọ́n ní, "Kò sí òjìji níbẹ̀." Òótọ́ ni. Kí wọ́n tó fà á, ọwọ́ náà dà bí ẹni fò lókè. Nígbà tí wọ́n fà á tán, ó fara lé aṣọ, ó sinmi.

Wọ́n papò dà ní 2013. Àwòrán yẹn wà ní pálọ̀ mi, pẹ́ńsù èmi àti tiwọn lórí ìwé kan ṣoṣo.

Mo ní láti sọ èyí náà, kí ẹ má baà rò pé mo mọ̀ ọ́n ṣe ju yín lọ. Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tó ya nǹkan sínú ìwé ẹ̀kọ́ tí mo ń múra rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ń wá ṣe àyẹ̀wò. Mo pariwo lé e lórí. N kò wo ohun tó yà. Ọwọ́ alẹ́ ni mo tó ṣí ojú ìwé náà dáadáa, mo rí ọkùnrin olójú gíláàsì kan tó tẹ orí ba sórí tábìlì, fìtílà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnu ilẹ̀kùn sì ṣí díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ojú kan ń yọ níbẹ̀. Ojú tirẹ̀ ni. Ó ti ń dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn wò mí lálaalẹ́, mi ò mọ̀. Mo jí i lóru yẹn, mo bẹ̀ ẹ́. Mo gé ojú ìwé náà, a jọ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ sínú ìdérí àpótí pákó yẹn, ní ẹ̀gbẹ́ àwòrán bàbá mi.

Àwọn kan nínú yín á ní iṣẹ́ ọnà ò lè bọ́ ọmọ. N kò ní bá yín jiyàn ìyẹn lónìí. Kí ọmọ yín ṣe dókítà, kí ó ṣe òwò, kí ó ṣe ohun tí Ọlọ́run bá fẹ́. Orí amọ̀ yìí kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ tó ń wá. Ọ̀rọ̀ ló fi ránṣẹ́ sí yín, ó ń retí èsì. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ọmọ kan tí mo kọ́ ya bàbá rẹ̀ sórí káàdìbọ́ọ̀dù, ó gbé e lọ sílé tayọ̀tayọ̀. Bàbá náà fà á ya, ó ní ṣé nítorí èyí ni òun ṣe ń sanwó. Ọmọ náà ṣa á jọ, ó fi ẹ̀kọ mímu lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó gbé e wá fún mi pé kí n bá òun tọ́jú rẹ̀. Ó ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi. Mo mọ̀ pé gbèsè àti àìsùn lè mú èèyàn ṣe ohun tí kò ti ọkàn rẹ̀ wá, n kò bínú sí bàbá náà. Mo kàn fẹ́ kó mọ̀ pé àwòrán rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi. Ìgbàkígbà tó bá fẹ́ ni kó wá gbà á.

Bí a ṣe máa ṣe é rèé. Sátidé tó ń bọ̀, láti aago 9 àárọ̀ títí di aago 2 ọ̀sán, kíláàsì mi á wà ní ṣíṣí. Ooru yìí ò jẹ́ kí amọ̀ pẹ́ rọ̀ mọ́, àkísà tútù ò ní lè dá a dúró kọjá ọ̀sẹ̀ yìí. Tó bá ti le, àtàǹpàkò ò ní ràn án. Ẹ wọ aṣọ iṣẹ́ yín wá, bí ẹ bá ń ti ṣọ́ọ̀bù mẹ́káníìkì bọ̀, ẹ bọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ yín á gbé orí náà sókè, ẹ̀yin á fi àtàǹpàkò tẹ abẹ́ ọrùn rẹ̀. Bí ẹ ò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ má sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá rántí oríkì rẹ̀, igi ìgbálẹ̀ wà lórí tábìlì, ẹ fi kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò náà. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó fi wọ́n síbòji fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n gbẹ dénú, a ó wá fi igi àti imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ sun wọ́n ní ẹ̀yìn ilé-ìwé. Ẹ̀yin tó bá ráyè, ẹ wá bá wa ṣọ́ iná.

Bàbá ọmọ tó mọ orí olójú dídì, mo mọ̀ pé ẹ ò lè dé. Ẹ tẹ́ ọwọ́ yín sórí ìwé, ẹ fi bírò ya etí rẹ̀ yí ká, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ. Òun fúnra rẹ̀ á fi abẹ́rẹ́ fín in sí abẹ́ ọrùn. Mo ti sọ fún un, ó ti pọ́n abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

Lánàá, ọmọ tó fa ilà mẹ́ta yẹn ló bá mi ti ilẹ̀kùn kíláàsì. Kó tó jáde, ó tú àkísà orí bàbá rẹ̀, ó fi ọwọ́ wọ́n omi sí i, ó tún un wé, ó sì fa ọ̀rá bò ó. Ó ní, "Sà, bí àyè ò bá gbà wọ́n ní Sátidé, ṣé ó ṣì máa rọ̀ títí di Mọ́ńdè?"

Mo ní kó máa lọ sílé, pé màá kọ̀wé sí yín.

Èmi ni,
Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà àwọn ọmọ yín,
Ilé-Ifẹ̀.